Ara gbóná, òógùn kò sí: ọ̀rọ̀ eléré orí kẹ̀kẹ́ (wheelchair) nínú ooru Òṣogbo

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin já bọ́ láti orí òrùlé tó ń kàn, ọrùn ló fi gbalẹ̀. Orí wheelchair ló wà látìgbà náà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ tẹníìsì orí tábìlì báyìí, báńdéèjì la fi ń so bátì mọ́ ọn lọ́wọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i gan-an. Ooru ni wàhálà wa. Bó bá ti gbá a díẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná janjan bí ẹni tí ibà ń ṣe, ojú rẹ̀ á pọ́n, orí á máa fọ́ ọ, síbẹ̀ ẹ ò ní rí ẹ̀kán òógùn kan lára rẹ̀. Kóòṣì ní kò ṣiṣẹ́ tó ni kò fi làágùn. Màmá wa ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da omi tútù sí ara tó gbóná, pé òtútù àyà ló máa já sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó ṣáà máa mu píọ̀ wọ́tà. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Àbí kó fi eré náà sílẹ̀?

* * *

Kó má fi sílẹ̀ o. Àmọ́ kí kóòṣì yẹn dẹ́kun ọ̀rọ̀ "kò ṣiṣẹ́ tó" yẹn lónìí, kó má dọ̀la. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí, òun ló léwu jù, torí ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún á tún fi kún un ni.

Ọpọlọ ló ń ṣọ́ bí ara ṣe gbóná tó. Bó bá ti rí i pé ooru fẹ́ kọjá ìwọ̀n 37 tó yẹ kó wà, á ránṣẹ́ sísàlẹ̀, inú okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ni iṣẹ́ náà ń gbà, pé kí awọ tú òógùn jáde, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ sì fẹ̀ kí ooru lè rọ́nà lọ. Àwọn iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ yìí kì í yà kúrò ní ọrùn o. Òkè àyà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà, títí dé ìbàdí. Ẹni tí okùn yẹn bá já pátápátá ní ọrùn, ọ̀nà ti dí fún un kó tó kan èyíkéyìí nínú wọn. Ọpọlọ ń pè, awọ kò gbọ́. Ìròyìn ooru láti ìsàlẹ̀ ara kò sì gòkè dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ bó ṣe yẹ, èyí ló fà á tí ẹni náà fúnra rẹ̀ kì í fi í tètè mọ̀ pé òun ti gbóná jù. Apá ń ṣiṣẹ́, ó ń dá ooru, ooru kò ríbi gbà jáde.

Èmi náà ń lo kẹ̀kẹ́. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni tèmi, ìsàlẹ̀ àyà ló sì ti bà mí jẹ́, kì í ṣe ọrùn. Basketball ni mò ń gbá. Bí a bá gbá a tán, ẹ wá wo ṣẹ́ẹ̀tì mi: àyà àti apá rẹ̀ rin gbindin, ṣùgbọ́n bó bá kù díẹ̀ kó dé ìdodo, ìlà kan wà níbẹ̀ bí ẹni fi rúlà fà á. Ìsàlẹ̀ ìlà náà gbẹ táútáú. Ti ẹ̀gbọ́n yín, ìlà yẹn ti gòkè tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé gbogbo ara ló bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ka èsì mi dáhùn pé àwọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí kẹ̀kẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa tó dáyé, pé ọ̀sán gangan làwọn ń gbá a, kò sì sẹ́ni tó dákú. Mo gbà wọ́n gbọ́. Àmọ́ kí ló gbé wọn sórí kẹ̀kẹ́? Rọpárọsẹ̀ ni, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́.

Rọpárọsẹ̀ kì í já okùn ẹ̀yìn. Iṣan tó ń gbé ẹran ara ṣiṣẹ́ ló ń bà jẹ́. Ẹni tó mú lẹ́sẹ̀ ṣì ń mọ̀ bí nǹkan bá kàn án lẹ́sẹ̀, ó sì ń làágùn dáadáa. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ náà ń làágùn, àfi pé awọ tí òógùn ń gbà jáde ti dín kù, rọ́bà tó wọ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sì ń há ooru mọ́ ọn. Èyí tó kù wá ni àwa tí ọ̀pá ẹ̀yìn bà jẹ́, àwa náà ò sì dọ́gba: ti ìbàdí fúyẹ́, ti àyà le díẹ̀, ti ọrùn ló burú jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà tí mo bá lórí pápá, rọpárọsẹ̀ ló bá wọn jà nígbà èwe. Ara wọn ni àwọn kóòṣì wa fi kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sáré tó, bí wọ́n ṣe ń mu omi, ìgbà tí wọ́n ń sinmi, gbogbo rẹ̀ di òfin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò rọpárọsẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní wild poliovirus, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn wo ló ń wọlé bọ̀ báyìí? Ọ̀kadà ló gbá òmíràn, òmíràn já bọ́ lórí ọ̀pẹ, òmíràn lórí òrùlé. Orí kẹ̀kẹ́ kan náà ni wọ́n jókòó sí, òfin kan náà ni kóòṣì fi ń tọ́ wọn, ara tí wọ́n gbé wá sì yàtọ̀ pátápátá. Kóòṣì tí kò bá béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ? Ibo ló ti bà ọ́ jẹ́ lẹ́yìn? Ibo ni òógùn rẹ ń dé dúró?" kò tíì mọ ẹni tó ń kọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ píọ̀ wọ́tà. Ó ti tó ẹni mẹ́ta tó kọ ọ́ báyìí: kó ṣáà máa mu omi, omi ló ń lé ooru.

Fún ẹni tó ń làágùn, òótọ́ ni. Omi tó mu ló ń padà jáde ní òógùn, ìgbà tí òógùn bá sì ń gbẹ lára ni ara ń tutù. Ẹni tí kì í làágùn ńkọ́? Ọ̀rá mẹ́rin, ọ̀rá márùn-ún, inú àpò ìtọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ooru ṣì wà níbi tó wà.

Ibẹ̀ gan-an sì ni ewu kejì fara pamọ́ sí. Ẹni tó bà jẹ́ ní ọrùn tàbí òkè àyà, bí àpò ìtọ̀ rẹ̀ bá kún jù, tàbí tí rọ́bà tí ìtọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde (catheter) bá ká kò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru lójijì. Orí á máa fọ́ ọ kíkankíkan, ojú á pọ́n, irun ara á dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ẹ ní ojú ń pọ́n, orí ń fọ́. Ó lè jẹ́ ooru, ó lè jẹ́ ìtọ̀, ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó máa wá fáànù kiri, ẹ yẹ rọ́bà ìtọ̀ wò. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ o! Ìjókòó ni kó wà, kí orí wà lókè. Ẹ tú bẹ́líìtì àti ohunkóhun tó fún un, ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ jáde. Bí kò bá rọlẹ̀ kíá, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àwọn eléré kan wà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fa èyí sí ara wọn kí ẹ̀jẹ̀ lè ru, kí wọ́n lè lágbára sí i. Boosting ni wọ́n ń pè é. Àjọ tó ń darí Paralympics káríayé ti fi òfin dè é, torí ó lè mú kí iṣan bẹ́ nínú ọpọlọ. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ èyíkéyìí, ẹ sá.

Àwọn tí kì í mu omi rárá tún wà, àwọn ló tilẹ̀ pọ̀ jù láàárín wa. Èèyàn kò ní fẹnu kan omi láti àárọ̀, torí kò sí ilé ìtọ̀ tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀. Gbọ̀ngàn kan wà tí a ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n da kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nítorí tiwa, wọ́n kùn ún, wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sára ògiri. Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ rẹ̀: kẹ̀kẹ́ ọmọdé kò lè gbabẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń làágùn bíi tèmi, tó tún ń fòùngbẹ ṣeré nítorí ilẹ̀kùn, ìyà ọ̀nà méjì nìyẹn.

Tèmi fún ẹ̀gbọ́n yín ni pé kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kó sì tutù. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni píọ̀ wọ́tà tó ti dì dé ìdajì. Ẹ fọwọ́ run ún nínú ọ̀rá, ẹ já igun rẹ̀, kó máa fà á mu. Yìnyín tó ń yọ́ nínú ikùn ń gba ooru ju omi lásán lọ, omi náà ò sì ní pọ̀ jù fún àpò ìtọ̀.

* * *

Ẹ bá mi kí Màmá, kẹ́ ẹ sì fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn. Kòkòrò ló ń fa òtútù àyà. Omi tútù tí a fín síni lára nínú ooru kì í fà á. Lóòótọ́, mo mọ̀ pé ìyá mi náà kò tíì gbà títí dòní. Bí mo bá délé pẹ̀lú aṣọ tó tutù, wọ́n á ti gbé róòbù síta.

Ohun tí ẹ máa rà kò wọ́n: ike tí àwọn onídìrí fi ń fín omi sórí oníbàárà. Ojú, ọrùn, apá, àyà, ẹ fín in káàkiri, kẹ́ ẹ wá fẹ́ ẹ. Òógùn tí ara kò lè pèsè lẹ fi lé e lọ́wọ́ yẹn. Nígbà ọyẹ́, ẹ ó rí i pé omi náà kì í pẹ́ gbẹ, ara á sì tutù kíá. Àmọ́ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀rinrin ti kún afẹ́fẹ́ ìlú yìí, omi náà á kàn jókòó sára, á máa ṣàn lọ sórí tìmùtìmù. Omi tí kò gbẹ kì í gbé ooru púpọ̀ lọ. Àsìkò yẹn, yìnyín ni.

Ẹ̀wù yìnyín tí wọ́n ń tà lókè òkun, owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ wa. Télọ̀ kan lápá Ọjà Ọba ló rán tèmi. Aṣọ tó nípọn ni, onípele méjì, àpò méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, àpò kọ̀ọ̀kan gba píọ̀ wọ́tà dídì kan. Ìmọ̀ràn: ẹ tẹ́ ọ̀rá náà pẹlẹbẹ nínú fíríìsà kó tó dì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á dì roboto, á sì máa gún un lẹ́yìn. Ọ̀rá mẹ́rin sún mọ́ kílò méjì, nítorí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni kó wọ̀ ọ́, kó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara tó ti tutù. Àwọn olùwádìí ti dán irú èyí wò lára àwọn tó ń gbá rugby orí kẹ̀kẹ́, àwọn tí ọrùn bà jẹ́ bíi ti ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀wù yìnyín ṣáájú eré, pẹ̀lú omi fínfín láàárín eré, ó dín ooru ara kù ju omi fínfín nìkan lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Awọ tí kò mọ nǹkan lára kì í sọ fúnni pé yìnyín ti ń jó òun. Ẹ má jẹ́ kí yìnyín kan awọ ní tààrà, kẹ́ ẹ sì máa ṣí aṣọ wo abẹ́ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ẹ nu tìmùtìmù gbẹ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, torí ìjókòó tó tutù ló ń bí egbò ìdí, egbò ìdí sì lè gbé èèyàn sọ sórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mélòó kan. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ gbé sínú oòrùn pẹ̀lú, ẹ fọwọ́ kan irin rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e jókòó.

* * *

Ẹni tó ní kí wọ́n gbé fáànù ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kò tíì gbá tẹníìsì rí! Gíráàmù 2.7 ni bọ́ọ̀lù yẹn wọ̀n. Atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, ó ti yà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa fáànù, tí wọ́n ń ti fèrèsé, tí òrùlé páànù sì ń yan gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé eré ìjókòó pẹ̀lẹ́ ni. Èmi tí mò ń gbá basketball níta ní atẹ́gùn ju ẹ̀gbọ́n yín lọ.

Ẹ gbé fáànù sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn, kó kọ ẹ̀yìn sí tábìlì, ibẹ̀ ni kó ti máa sinmi. Nínú ìdíje, ìṣẹ́jú 1 ló wà láàárín géèmù kan sí èkejì, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè gba ìsinmi ìṣẹ́jú 1 lẹ́ẹ̀kan nínú ìfigagbága. Wọ́n tún fàyè gbà á kí èèyàn fi tówẹ̀lì nura lẹ́yìn ojúàmì 6 kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi tówẹ̀lì méjì há a: ọ̀kan inú kúlà, ti ojú àti ọrùn, ọ̀kan gbígbẹ, ti ọwọ́. Omi kò gbọdọ̀ kan rọ́bà bátì, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìdánrawò, kò sí òfin kankan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó dúró, kẹ́ ẹ tu ara rẹ̀, kó tún padà. Aago ni kẹ́ ẹ máa wò. Bẹ́ ẹ bá ń dúró dìgbà tó bá ní "ó ti sú mi", ó ti pẹ́ jù.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóyá ẹ lè fi ìbọn ìwọ̀n ooru tí wọ́n ń yìn síwájú orí mọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Rárá. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín omi sójú ẹni tán, ẹ wá yin ín, á ní kò sí nǹkan, inú ara sì ń jó. Àwọn onímọ̀ tó fẹ́ mọ ooru inú ara gan-an, ìdí ni wọ́n ń gbé e gbà, tàbí kí wọ́n fún èèyàn ní kóró kékeré kan gbé mì tó ń ránṣẹ́ jáde. Àwa tí kò ní irú rẹ̀, ojú la fi ń wò ó. Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń lọ́? Ṣé bọ́ọ̀lù tó máa ń gbá dáadáa tẹ́lẹ̀ ti ń ré kọjá tábìlì? Ṣé ó ń bínú láìnídìí?

Ẹ sì má rò pé ó parí nígbà tó bá gbé bátì sílẹ̀. Lára ẹni tí ọrùn bà jẹ́, ooru inú ara ṣì lè máa gòkè lẹ́yìn tí eré ti tán. Ẹ máa tu ara rẹ̀ lọ. Ẹ má tì í sínú mọ́tò tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀.

* * *

Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé: "Adúláwọ̀ ni wá, oòrùn ti mọ́ wa lára." Mo ti ń retí èyí.

Bí oòrùn ṣe ń mọ́ni lára ni pé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nínú ooru, ara á kọ́ láti tètè làágùn, á sì làágùn púpọ̀ sí i. Ẹni tí ọ̀nà òógùn rẹ̀ dí, kí ló fẹ́ fi kọ́ ọ? Ó lè ti dàgbà sí Òkè-Fìà, kó ti máa ta ọjà nínú oòrùn láti kékeré. Ọjọ́ tí okùn yẹn já, gbogbo bí oòrùn ṣe mọ́ ọn lára yẹn bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kàn. Ọ̀pọ̀ ní kó máa gbá a ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ ìta ni, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn onípáànù ti gba oòrùn sára látàárọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni inú rẹ̀ máa ń móoru jù, pàápàá ní oṣù kejì àti ìkẹta. Àárọ̀ kùtù ló dára, kí páànù tó gbóná. Nígbà ọyẹ́ nìkan lẹ ó yí i padà, torí ara tí kò lè làágùn náà ni kò lè gbọ̀n dáadáa bí òtútù bá mú un. Ẹ wọ súwẹ́tà fún un.

* * *

Ẹni tó béèrè nípa oògùn, ẹ ṣeun, mo fẹ́ gbàgbé. Oxybutynin, tí wọ́n máa ń fún púpọ̀ nínú wa nítorí àpò ìtọ̀, a máa dín òógùn kù. Ẹni tó ṣì ń làágùn díẹ̀ lókè ara, ìyẹn díẹ̀ náà lè lọ. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Ẹ kàn sọ fún dókítà pé eléré ni aláìsàn yín. Ọjọ́ tí ibà bá wà lára rẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ bá ń rùn tó sì dàrú, kò sí eré lọ́jọ́ náà.

* * *

Ẹ ní wọ́n ti pè é fún ìdíje, ṣé kó lọ. Kó lọ. Kúlà tirẹ̀ ni kó gbé, kó má gbára lé ti ẹnikẹ́ni. Kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n dáadáa wà lẹ́yìn rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kó máa wo ojú rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dàrú, tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ooru inú ara ti lè kọjá 40 nìyẹn. Ẹ má gbé e sínú mọ́tò ná: ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti da omi sí i lára, yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé sí ọrùn àti abíyá, kí ẹlòmíràn máa pe ilé ìwòsàn. Bí ara bá ti ń rọlẹ̀ lẹ tó gbéra. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ọlá-Ìyá kò mọ ẹni tó ń kú lọ.

Ẹ wá onídàájọ́ lọ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí kóòṣì wà pẹ̀lú yín. Ẹ fi ike omi, tówẹ̀lì àti ẹ̀wù yìnyín hàn án, kẹ́ ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ rí i yín níbi tẹ́ ẹ ti ń fín omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ láìsọ fún un, á lé yín jáde, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀.